Ìwọ̀n àti Oríkì: Bí A Ti Ń Mú Agbára Ámpílífáyà àti Wúfà Inú Ọkọ̀ Bára Mu Láìséwu

1. Ìfáárà

Mo rí àwọn rewáyà mélòó kan ní ìjókòó, mo sì rí àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn lẹ́yìn wọn. Inú mi dùn sí èyí, nítorí pé àwọn gan-an ni ọ̀rọ̀ òní bá wí jù lọ.

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lítíréṣọ̀ ni yóò sọ̀rọ̀ lórí ámpílífáyà àti wúfà inú ọkọ̀. Ìdí méjì ni mo fi yan kókó yìí. Èkíní ni pé ọ̀ràn náà ti di ti gbogbo ìlú. Kò sí àdúgbò tí a kò ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fi owó oṣù mẹ́ta ra wúfà, tí kọ́ìlì rẹ̀ sì jó kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Kò sì sí rewáyà kan tí kò mọ̀ pé wáyà tí a fà láti ara bátìrì lọ sí búùtù láìní ààbò lè sun odidi ọkọ̀. Lẹ́yìn owó àti ọkọ̀, etí àwọn ọmọ wa tún wà níbẹ̀, etí kò sì ní pààtì lọ́jà.

Ìdí kejì ni pé ìmọ̀ tí ó lè gba owó, ọkọ̀ àti etí yìí là wà nínú ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi sínú páálí, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Bí ọ̀gá bá ń kọ́ ọmọ iṣẹ́, ohun tí yóò ṣe ni ó ń kọ́ ọ. Ìdí tí a fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀ kì í sábà sí nínú ẹ̀kọ́ náà. Pupa sí pupa, dúdú sí dúdú, iṣẹ́ parí. Ẹni tí kò bá sì mọ ìdí, ọjọ́ tí irinṣẹ́ bá yí padà ni yóò ṣìnà. Ní ọdún 1970, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Àbájáde rẹ̀ fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn rárá. Bí ọmọdé bá lè gbọ́ sáyẹ́ǹsì yé ní èdè abínibí rẹ̀, n kò rí ìdí tí àgbà oníṣẹ́-ọwọ́ kò fi ní í gbọ́ ọ yé.

2. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ méjèèjì ń ṣe

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ohùn tí rédíò ọkọ̀ ń tì sínú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ kò lágbára. Fólítì 2 sí 4 ni ó sábà máa ń jẹ́, kò sì lè mi wúfà. Ámpílífáyà ni ó ń gba ohùn kékeré yìí, tí ó ń tẹ̀ lé bí ó ti ń lọ sókè tí ó ń bọ̀ sódò, tí ó sì ń fi iná bátìrì ya àwòrán rẹ̀ ní títóbi. Ẹ ṣàkíyèsí pé ámpílífáyà kì í dá agbára fúnra rẹ̀. Inú bátìrì àti alitánétọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí ni gbogbo agbára rẹ̀ ti ń wá. Ohun tí kò bá ti ibẹ̀ wá, ámpílífáyà kò lè rí i fún wúfà.

Wúfà ńkọ́? Ní ọdún 1925 ni Chester Rice àti Edward Kellogg, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé irú sípíkà tí ó di baba fún èyí tí gbogbo ayé ń lò lónìí. Ìṣe rẹ̀ kò le. A ká wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọ̀pá róbótó kan; èyí ni kọ́ìlì. A fi kọ́ìlì sí àlàfo tóóró tí ó wà lára òòfà ńlá. A so kọ́ìlì mọ́ ìdí páálí tí ó rí bí àrọ tí a fi ń rọ epo. Bí iná bá ń gba inú kọ́ìlì kọjá lọ-bọ̀, kọ́ìlì náà yóò di òòfà, òòfà ńlá yóò sì máa fà á, yóò máa tì í. Páálí yóò máa jáde, yóò máa wọlé, yóò sì máa ti afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ tí ó ń gbọ̀n yìí ni etí wa ń gbọ́ ní ohùn.

Ẹni tí ó bá mọ ìlù yóò tètè lóye ìdí tí wúfà fi máa ń tóbi. Gúdúgúdú kéré, ohùn rẹ̀ sì ròkè. Ìyáàlù tóbi jù ú lọ, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. Gbẹ̀du tóbi púpọ̀, ohùn rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ohùn ìsàlẹ̀ kò ṣeé gbé jáde bí a kò bá ti afẹ́fẹ́ púpọ̀. Nǹkan bí ìgbà 20 sí 80 ni afẹ́fẹ́ tí wúfà ń tì máa ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Yàtọ̀ sí èyí, etí ènìyàn kò gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ dáadáa tó bí ó ti ń gbọ́ ohùn àárín, èyí tí Harvey Fletcher àti Wilden Munson fi ìwádìí hàn ní ọdún 1933. Ìdí nìyí tí a fi ń fún wúfà ní agbára tí ó pọ̀ ju èyí tí à ń fún àwọn sípíkà ẹnu ilẹ̀kùn lọ.

Nísinsìnyí, mo fẹ́ kí ẹ mú gbólóhùn kan dání, nítorí pé òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dúró lé. Nínú agbára tí a bá fún wúfà, ohun tí ó ń di ohùn kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìyókù, àfi díẹ̀, ooru ni ó ń dà nínú kọ́ìlì. Wáyà kọ́ìlì kò nípọn; ohun tí a fi kùn ún kí iná má baà ti ara wáyà kan bọ́ sí èkejì, àti àtè tí ó dì í mú mọ́ ọ̀pá rẹ̀, ní ìwọ̀n ooru tí wọ́n lè fara dà. Bí ooru bá kọjá ìwọ̀n yẹn, àtè yóò yọ́, kọ́ìlì yóò wọ́, yóò máa ha òòfà, ìdúró rẹ̀ sì parí. Òórùn jíjóná tí à ń gbọ́ kí wúfà tó kú, òórùn àtè àti ọ̀dà yìí ni.

3. Wáàtì: ìwọ̀n àti oríkì

Wáàtì ni a fi ń wọn agbára; orúkọ James Watt, ará Scotland tí ó tún ẹ̀rọ oníná-ooru ṣe, ni a fi sọ ọ́. Bí a bá sọ iye fólítì àti iye ámpíà di púpọ̀, iye wáàtì ni yóò jáde. Ohun tí ó rọrùn báyìí ni àwọn oníṣòwò ti sọ di àdììtú.

Àwa tí à ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ mọ ohun tí oríkì jẹ́. Bí akéwì bá pe ènìyàn ní erin, kò sí ẹni tí yóò gbé onítọ̀hún sórí ìwọ̀n láti wò ó bóyá ó wúwo tó erin. A mọ̀ pé ìyìn ni, a sì mọ ibi tí ìyìn ti wúlò. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí í fi oríkì wọn ẹran lọ́jà. Nọ́ḿbà gàdàgbà tí ó wà lára páálí ámpílífáyà, ìbáà ṣe 2000, ìbáà ṣe 3000, oríkì ni. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ óò rí “Max” tàbí “Peak” lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nọ́ḿbà kékeré tí ó fara pamọ́ sínú ìwé pẹlẹbẹ, èyí tí a kọ “RMS” sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, òun ni ìwọ̀n.

Ìyàtọ̀ wọn kò ṣòro. Ẹ wo alábàárù tí ó lè ru àpò sìmẹ́ńtì kan láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bí a bá fi tagbáratagbára rọ̀ ọ́, ó lè gbé mẹ́ta nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ó sì sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbà á síṣẹ́ yóò bèèrè iye tí ó lè rù láti àárọ̀ di alẹ́. RMS ni iṣẹ́ àárọ̀ di alẹ́. Peak ni ìgbésókè ẹ̀ẹ̀kan. Lórí ohùn tí ó dán mọ́rán tí kò lábùkù, Peak jẹ́ ìlọ́po méjì agbára tí à ń rí nígbà gbogbo. Èyí tí wọ́n sì ń kọ sára páálí tún máa ń ju ìlọ́po méjì yẹn lọ dáadáa.

Ọ̀nà wo ni ènìyàn lè fi mọ òtítọ́ bí ìwé pẹlẹbẹ bá ti sọnù? Kí ó wo fíùsì ara ámpílífáyà náà. Ká sọ pé fíùsì kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, tí a kọ 30 sí i lára. Ámpíà 30 ni ó lè gbà kọjá pẹ́ títí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, iná ọkọ̀ kì í ju nǹkan bíi fólítì 14.4 lọ. Ẹ sọ 30 àti 14.4 di púpọ̀, ẹ óò rí 432. Wáàtì 432 ni gbogbo ohun tí ó lè wọ inú ámpílífáyà náà láìjẹ́ pé fíùsì já. Ámpílífáyà irú èyí tí a ń pè ní “Class D” ń sọ nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ohun tí ó gbà di agbára fún wúfà, èyí já sí nǹkan bíi wáàtì 345. Irú ti àtijọ́, “Class AB”, kì í fún wa ju nǹkan bí ìdajì tàbí díẹ̀ lé ní ìdajì lọ. Bí páálí bá wá kọ 3000 sára, ẹ̀yin náà mọ orúkọ tí ẹ óò pè é.

Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣe irú ẹ̀rọ wọ̀nyí fi ìlànà kan lélẹ̀ ní ọdún 2003, tí wọ́n pè ní CEA-2006. Ìlànà náà ní kí a máa wọn agbára ámpílífáyà ọkọ̀ lórí fólítì 14.4 àti óòmù 4, kí àbùkù inú ohùn má sì ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àmì ìlànà yìí kò pọn dandan fún ẹnikẹ́ni tí ń ṣe ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i lára ẹrù, ó jẹ́ ẹ̀rí pé wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n.

4. Óòmù: ọ̀nà tí iná ń gbà

Wáàtì nìkan kò tó. Ní ọdún 1827, Georg Ohm, ará Jámánì, tẹ ìwé kan jáde níbi tí ó ti fi hàn pé bí ipá tí ń ti iná kò bá yí padà, ìdènà tí ó wà lọ́nà ni yóò pinnu iye iná tí yóò kọjá. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń wọn ìdènà náà. Bí óòmù bá kéré, iná púpọ̀ yóò kọjá. Bí ó bá pọ̀, iná díẹ̀ ni yóò kọjá.

Ẹ fojú inú wo gbọ̀ngàn tí èrò kún inú rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá jẹ́ méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, èrò yóò tètè jáde. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó jáde ní ilẹ̀kùn kìíní tún gbọ́dọ̀ gba inú ilẹ̀kùn kejì kọjá, ìjáde yóò falẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ́ìlì méjì. Ọ̀pọ̀ wúfà òde òní ní kọ́ìlì méjì lórí ọ̀pá kan náà. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ óòmù 4, tí a so pupa méjèèjì pọ̀, tí a sì so dúdú méjèèjì pọ̀, óòmù 2 ni ámpílífáyà yóò rí. Èyí ni ìsopọ̀ ẹ̀gbẹ́-sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí a bá so dúdú ti èkíní mọ́ pupa ti èkejì, kí iná gba inú ọ̀kan bọ́ sí èkejì, óòmù 8 ni yóò rí. Èyí ni ìsopọ̀ ìtẹ̀léra. Bí wúfà oníkọ́ìlì méjì bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ méjì, a lè so gbogbo kọ́ìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ẹ̀gbẹ́-sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó di óòmù 1, a sì lè so kọ́ìlì wúfà kọ̀ọ̀kan ní ìtẹ̀léra kí á tó wá so wúfà méjèèjì ní ẹ̀gbẹ́-sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó di 4.

Ámpílífáyà kọ̀ọ̀kan ní óòmù tí ó kéré jù tí ó lè gbà. Bí ìwé rẹ̀ bá sọ pé kí a má ṣe lọ sísàlẹ̀ ju 2 lọ, tí a sì fún un ní 1, iná tí yóò máa gba inú rẹ̀ kọjá yóò ju ohun tí a ṣe é fún lọ. Èyí tí ó dára yóò pa ara rẹ̀. Èyí tí kò dára yóò jó. Kí a tó so wúfà mọ́ ámpílífáyà, kí a kọ́kọ́ fi mítà wọn ìdènà rẹ̀. Mítà máa ń fi iye tí ó dín díẹ̀ hàn: kọ́ìlì tí a pè ní 4 lè fi nǹkan bíi 3.2 sí 3.6 hàn, èyí kò burú. Ṣùgbọ́n bí a bá retí 2 tí mítà sì fi ohun tí kò tó 1 hàn, a ti ṣi wáyà so, tàbí kí kọ́ìlì ti jó.

5. Bí a ti ń mú wọn bára mu

Ẹ jẹ́ kí a wá fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Lágbájá ra wúfà oníníńṣì 12 tí RMS rẹ̀ jẹ́ wáàtì 500, tí ó ní kọ́ìlì méjì, óòmù 4 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé óòmù mélòó ni òun lè so ó sí. Ìdáhùn rẹ̀ ni 2 tàbí 8. Ìbéèrè kejì ni pé ámpílífáyà wo ni ó ń fúnni ní nǹkan bí 500 RMS lórí ọ̀kan nínú méjèèjì. Ẹ kíyè sí i dáadáa: kì í ṣe 500 lásán, bí kò ṣe 500 lórí óòmù tí a ó lò. Ámpílífáyà tí ń fúnni ní 500 lórí óòmù 2 lè má fúnni ju 300 lọ lórí 4, yóò sì tún dín sí i lórí 8. Nítorí náà ni Lágbájá yóò fi so tirẹ̀ sí 2, tí yóò sì ra ámpílífáyà tí ń gba 2.

Ǹjẹ́ ó pọn dandan kí iye méjèèjì dọ́gba? Rárá. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ gbà pé ámpílífáyà tí ó wà láàárín ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin RMS wúfà àti ìlọ́po kan ààbọ̀ rẹ̀ dára. Fún ti Lágbájá, èyí já sí wáàtì 375 sí 750.

Níbí ni àríyànjiyàn ńlá àwọn oníṣẹ́ wà. Àwọn kan ní ámpílífáyà kékeré ni ó ń jó wúfà ju ńlá lọ. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n àbọ̀ òtítọ́ ni. Ámpílífáyà kékeré tí a kò fipá mú kò lè jó ohunkóhun. Yóò kàn máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ni. Ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé olówó rẹ̀ kò ní tẹ́ lọ́rùn, yóò máa yí ohùn sókè. Ohùn ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀ bí ebè inú oko. Ámpílífáyà ní àjà tí orí ebè náà kò lè kọjá, èyí ni iye fólítì tí ó lè fúnni. Bí a bá fipá mú un kọjá àjà yìí, orí ebè yóò gé, yóò tẹ́ pẹrẹsẹ. Ohùn tí orí rẹ̀ ti tẹ́ báyìí máa ń pẹ́ lókè ju bí ó ti yẹ lọ kí ó tó sọ̀ kalẹ̀, ooru tí ó sì ń gbé wọ kọ́ìlì pọ̀ sí i. Bí ó bá tẹ́ pátápátá, tí iná ọkọ̀ sì gbé e, agbára rẹ̀ yóò di ìlọ́po méjì. Ámpílífáyà oníwáàtì 300 lè tipa báyìí gbé 600 wọ wúfà oníwáàtì 300, bí ilẹ̀ bá sì fi máa mọ́, òórùn àtè ti gba inú ọkọ̀ kan.

Ẹ̀wẹ̀, ámpílífáyà oníwáàtì 750 lórí wúfà oníwáàtì 500 kò léwu bí a bá fi ọwọ́ dẹ̀dẹ̀ yí i, nítorí pé orí ebè kò ní í kan àjà. Ṣùgbọ́n bí a bá yí i dé òpin, òun náà yóò jó kọ́ìlì. Ohun tí ó ń pa wúfà kò ju méjì lọ: ooru tí ó pọ̀ ju ohun tí kọ́ìlì lè gbà lọ, àti ìfò páálí kọjá ibi tí ó yẹ kí ó dé. Ti ìkejì yìí wọ́pọ̀ nínú àpótí tí ó ní ihò. Bí ohùn bá sọ̀ kalẹ̀ ju ibi tí a ti ṣe ihò náà fún lọ, afẹ́fẹ́ inú àpótí kò ní í di páálí mú mọ́, yóò sì máa fò bí ẹṣin tí ìjánu rẹ̀ já. Nítorí náà, ẹni tí ó bá lo àpótí oníhò gbọ́dọ̀ lo bọ́tìnì tí a kọ “Subsonic” sí, kí ó fi gé irú ohùn bẹ́ẹ̀ kúrò.

6. Bọ́tìnì tí a ń ṣì lò

Bọ́tìnì kan wà lára ámpílífáyà tí a kọ “Gain” sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òun ni a fi ń mú ohùn pọ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bá rédíò sọ àdéhùn: pé bí ohùn rédíò bá dé ibi báyìí, kí agbára ámpílífáyà dé ibi báyìí, kí ó má sì kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá yí i dé òpin ti fagi lé àdéhùn náà.

Bí a ti ń ṣètò rẹ̀ nìyí. Ẹ tú wáyà wúfà kúrò lára ámpílífáyà. Ẹ dá gbogbo bọ́tìnì tí ń fi báàsì kún ohùn padà sí òdo, lára rédíò àti lára ámpílífáyà. Ẹ yí “Gain” wálẹ̀ pátápátá. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ yí ohùn rédíò dé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí ẹ sì lu ohùn kan ṣoṣo tí ń gbọ̀n ní ìgbà 40 tàbí 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí a gbà sílẹ̀ ní kíkún. Ẹ gbé mítà sí ibi tí ó ti ń wọn fólítì AC, kí ẹ fi kan ojú ibi tí à ń so wúfà mọ́.

Fólítì mélòó ni a ó retí? Ẹ sọ iye wáàtì tí ẹ fẹ́ àti iye óòmù di púpọ̀, kí ẹ wá nọ́ḿbà tí a lè sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ kí ó tó fún wa ní iye náà. Fún Lágbájá, 500 lọ́nà 2 jẹ́ 1000, 31.6 lọ́nà 31.6 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 1000. Kí ó rọra yí “Gain” títí mítà yóò fi kọ 31.6, kí ó dáwọ́ dúró níbẹ̀, kí ó pa ohùn, kí ó sì so wúfà padà. Mítà kò lè fi hàn wá bí orí ebè ti gé. Ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán ohùn ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ámpílífáyà kò bá tó wáàtì 500 gidi, iye RMS tirẹ̀ ni kí a fi ṣe ìṣirò, kì í ṣe ti wúfà.

Lẹ́yìn èyí, kí a yí bọ́tìnì “Low Pass” sí nǹkan bí 80, kí wúfà má baà máa gbìyànjú láti kọrin pẹ̀lú obìnrin. Ní ti “Bass Boost”, ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò dáhùn. Dẹ́síbẹ̀lì 6 tí a bá fi kún báàsì ń bèèrè ìlọ́po mẹ́rin agbára. Dẹ́síbẹ̀lì 12 ń bèèrè ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Lágbájá tí ó ń lo 400 tẹ́lẹ̀, níbo ni yóò ti rí 6400?

7. Wáyà, fíùsì àti iná ọkọ̀

Apá yìí ni ó léwu jù lọ, nítorí pé wúfà tí ó jó kò pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó jó lè pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bátìrì ọkọ̀ kéré lójú, ṣùgbọ́n bí irin bá so orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ámpíà ni ó lè tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Wáyà pupa tí ó ti ara bátìrì lọ sí búùtù gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀gbẹ́ irin mímú kọjá. Ọjọ́ tí irin bá gé awọ rẹ̀, tí wáyà inú rẹ̀ sì kan ara ọkọ̀, yóò pọ́n bí ẹ̀yinná, ohun tí ó bá sì wà nítòsí yóò gbiná.

Fíùsì ni ó ń dènà èyí. Ó gbọ́dọ̀ wà lórí wáyà náà nítòsí bátìrì, kí àlàfo wọn má ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45 lọ. Fíùsì ara ámpílífáyà kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí pé ẹ̀yìn ni ó wà. Gbogbo wáyà tí ó wà níwájú rẹ̀ kò ní ẹ̀ṣọ́. Wáyà ni fíùsì iwájú ń ṣọ́, kì í ṣe ámpílífáyà. Nítorí náà, ìwọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ohun tí wáyà lè gbé lọ. Bí fíùsì bá já, kí a wá ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó fi ìṣó tàbí wáyà lásán dí ojú fíùsì ti lé ọlọ́dẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà nítorí pé ọlọ́dẹ náà pariwo olè.

Fún wáàtì 500 láti ara ámpílífáyà “Class D”, ẹ pín 500 sí 0.8, yóò di 625. Ẹ pín 625 sí fólítì 14.4, yóò di nǹkan bí ámpíà 43. Wáyà bàbà tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nọ́ḿbà 4 ní ìlànà Amẹ́ríkà, tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 21 ní ìlọ́po ara, lè gbé e dé búùtù láìgbóná, fíùsì oníámpíà 60 sì bá a mu. Ẹ ṣọ́ra fún wáyà alumíníọ̀mù tí a fi bàbà bò lójú, tí wọ́n ń tà ní iye tí kò tó ti bàbà. Kò lè gbé iná tó ti bàbà tí ó nípọn bákan náà, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ nípọn jù ú lọ. Wáyà dúdú tí a dè mọ́ ara ọkọ̀ gbọ́dọ̀ nípọn tó ti pupa, kí ó kúrú, kí a sì ha ọ̀dà kúrò títí irin yóò fi hàn. Níbikíbi tí wáyà bá ti gba ihò irin kọjá, kí a fi rọ́bà sí ẹnu ihò náà. Kí a sì tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí a kọ́kọ́ tú orí dúdú bátìrì.

Ẹ rántí alitánétọ̀ pẹ̀lú. Òun ni ó ń gbé iná ojú ọkọ̀, fáànù, ẹ̀rọ amúlétutù àti bátìrì fúnra rẹ̀. Bí a bá tún di ẹrù 43 lé e, tí iná ojú ọkọ̀ sì ń ṣẹ́jú bí báàsì bá ti ń dún, ọkọ̀ náà ń sọ fún wa pé ẹrù ti wúwo jù.

8. Etí

Ó kù sí ibi kan tí a kò lè fi owó tún ṣe. Àjọ NIOSH ní Amẹ́ríkà, nínú ìlànà rẹ̀ ti ọdún 1998, ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe wà nínú ariwo tí ó tó dẹ́síbẹ̀lì 85 ju wákàtí 8 lọ lójúmọ́. Bí ariwo bá fi dẹ́síbẹ̀lì 3 pọ̀ sí i, àkókò náà yóò di ìdajì: 88, wákàtí 4, 91, wákàtí 2, 94, wákàtí 1, tí ó bá di 100, ìṣẹ́jú 15 péré. Wúfà tí a mú bára mu dáadáa nínú ọkọ̀ tí a ti fèrèsé rẹ̀ lè kọjá 100 láìlàágùn. Àwọn irun wẹ́wẹ́ inú etí tí ń gba ohùn kì í hù padà bí wọ́n bá ti kú. Bí etí bá ń han goro lẹ́yìn tí a sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ìkìlọ̀ ni. Ẹni tí kò sì gbọ́ fèrè ọkọ̀ mìíràn lójú títì ti fi ara rẹ̀ àti àwọn ẹlòmíràn wéwu.

Ìṣirò kan náà yìí tún lè gba owó wa là. Bí a bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, dẹ́síbẹ̀lì 3 péré ni ó ń fi kún ohùn, ìyàtọ̀ tí etí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ lára. Kí ohùn tó dún bí ìlọ́po méjì létí ènìyàn, wáàtì ní láti tó ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹni tí ó bá ń pààrọ̀ 500 sí 1000 ń san owó ńlá lórí ohun kékeré. Ì bá sàn kí ó lo owó náà lórí àpótí tí a fi pákó líle kàn, tí ìwọ̀n rẹ̀ bá wúfà mu, tí afẹ́fẹ́ kò sì jò lára rẹ̀.

9. Ìkádìí

Gbogbo ohun tí mo ti sọ kò ju èyí lọ: kí a wo RMS, kí a má wo oríkì, kí a mọ óòmù tí a ó lò kí a tó ra ámpílífáyà, kí a fi mítà ṣètò “Gain”, kí fíùsì wà nítòsí bátìrì, kí a sì dá etí sí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ju ìsọdipúpọ̀ àti pípín lọ, ìṣirò tí àwọn ìyá wa ń ṣe lọ́jà lójoojúmọ́ láìmú ìwé.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ni pé kí ẹ máa sọ ìdí fún ọmọ iṣẹ́ yín. Bí ẹ bá ní kí ó fi fíùsì síwájú, ẹ sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí kò bá fi síbẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ní Yunifásítì ni pé kí a má ṣe fi èdè Yorùbá mọ sórí ewì àti ìtàn nìkan. Àròkọ lórí wáyà àti bátìrì kò bu èdè kù. Èdè tí a kò bá fi kọ́ oníṣẹ́ bí yóò ti ṣiṣẹ́ láìfarapa, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí láàárín àwọn tí ń sọ ọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko. Kì í ṣe agbára ni ọ̀tá wa nínú ọ̀rọ̀ yìí, bí kò ṣe agbára tí a kò wọ̀n.